Ìyá Ni Súwíìṣì Ńlá Wa

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ kan ṣe mú mi sunkún níbi iṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o!

Ìparí àwọn ọdún 1990 ni, mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ńlá kan n'Ìbàdàn. Súwíìṣì kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, wà ní àjà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì so mọ́ ọ̀kan ńlá nísàlẹ̀, tí à ń pè ní core switch. Ọ̀rọ̀ tó bá ń lọ láti àjà kan sí èkejì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ńlá yìí kú pátápátá. Ọ̀gá wa bínú wọlé, ó ní ṣebí iná ń tàn lára àwọn kọ̀ǹpútà, kí ló wá dé tí àjà kan ò gbọ́ ti èkejì?

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ta dòdò lẹ́bàá títì..." Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú ọ̀gá. Ìyá mi ni mò ń sọ!

Ará Àpòmù ni wá, ṣùgbọ́n Ìkirè ni Ìyá ti ń ta dòdò, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Tí àbúrò mi Rábí ní Gbọ̀ngán bá bímọ, á rán dẹ́rẹ́bà sí Ìyá. Ìyá á wá rán dẹ́rẹ́bà mìíràn sí mi n'Ìbàdàn, pẹ̀lú dòdò nínú ewé. Èmi àti Rábí kì í ránṣẹ́ síra wa tààrà. Kí la fẹ́ ṣe é fún, nígbà tí Ìyá wà níbẹ̀?

Ìyá wá kú, kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Rábí wà, èmi náà wà, ṣùgbọ́n a ò gbúròó ara wa mọ́. Àárò àwọn méjèèjì ń sọ mí gan-an.

Wọ́n ra súwíìṣì tuntun. Ọ̀gá ní méjì la ó máa lò báyìí, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ ṣe tí èkejì bá kú. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló ní ìyá méjì?

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Gbọ̀ngán. Ẹlòmíràn ló jókòó sídìí àtẹ Ìyá ní Ìkirè. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, mo ra dòdò.

Rábí ṣílẹ̀kùn, ó rí ewé dòdò lọ́wọ́ mi. Kò tilẹ̀ rántí kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni Ìyá ní kí ẹ sọ fún mi?"

Àṣé ó gbàgbé pé Ìyá ti kú! Àwa méjèèjì bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ la ọ̀nà sọ́dọ̀ ara yín nígbà tí ẹni tó so yín pọ̀ ṣì wà láyé. Ta ló so yín pọ̀ nílé tiyín? Ẹ sọ fún mi. Ní tèmi, tí mo bá ti kọjá ní Ìkirè, mo ṣì máa ń retí kí ẹnì kan sọ pé Ìyá kí mi.