Àwọn Kóró Dúdú Tí Mo Fi Bo Orúkọ

Ìró ìka ẹ̀gbọ́n mi lórí gíláàsì fóònù ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá ti di ojú méjèèjì: tó, tó, tó, bí ìgbà tí adìyẹ bá ń ṣa àgbàdo lórí páànù. Wọn kì í yára. Wọ́n á wá lẹ́tà kan títí wọ́n á fi rí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì gbójú sókè wò mí bóyá mo ń yọjú. N kò yọjú. Bí mo tilẹ̀ yọjú, kóró dúdú nìkan ni ǹ bá rí, nítorí èmi fúnra mi ni mo ṣe ojú ibẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ìṣirò ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òkukù. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé lọ sinmi, mo rí i pé ìsinmi kì í ṣe iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo wọ kórópe lọ sí Ìkìrun, mo forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ojú ewé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí ìyá wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Mo gbà nígbà náà pé bí ènìyàn bá ti mọ ohun kan dájú, tó sì lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, àwọn yòókù á gbà fún un. Iṣẹ́ olùkọ́ ló bà mí jẹ́. Nínú kíláàsì, ẹni tó bá gba ìṣirò ló gbà á. Nínú ẹbí, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ga jù ló ń gbà á.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́. Ìyá mi ni ìyálé, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà àkọ́bí ìyàwó kejì ni ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń gbé ní Ìnísà. Alhaja ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n, àwọn náà a sì máa pè mí ní Tíṣà. Àbúrò wa ọkùnrin, ọmọ ìyàwó kẹta, ló ń gbé ní Èkó, Ẹnjiníà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àní ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ilé bàbá wa ní Ìkìrun ni gbogbo wa ti ṣẹ̀ wá. Inú ilé náà ni wọ́n sin ìyá mi sí, nínú yàrá tí wọ́n bí mi sí, lábẹ́ ibi tí ibùsùn wọn máa ń wà.

Ẹnjiníà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé ká wó ilé náà, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ nítorí pé ó kọjú sí títì. Mo ní kò lè ṣeé ṣe níṣojú mi. Ó ní kí ẹbí dá a. Ìdí igi mẹ́ta ni wá, ìyàwó kan, ìdí igi kan, ìdí igi kọ̀ọ̀kan yóò sì ní olórí tí yóò sọ̀rọ̀ fún un. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́jọ́ iwájú pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ká ṣe ojú ewé kan fún ẹbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí olórí kọ̀ọ̀kan wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò bá sọ nǹkan kan títí ọjọ́ tí a dá yóò fi pé, ó ti gbà kí ilé ó wó. Mo bá a jà lórí gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní Èkó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ojú ewé náà. Inú mi dùn, ká má parọ́. Mo rò pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti wà lẹ́yìn mi, a ti di méjì sí ọ̀kan.

Ibi tí wọ́n ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù sí ni mo lo àkókò lé lórí jù lọ. Mo gbé fóònù lọ bá Ẹ̀gbọ́n ní Ìnísà kí wọ́n dán an wò. Wọ́n tẹ lẹ́tà díẹ̀, wọ́n sì gbé fóònù náà jìnnà sójú.

“Tíṣà, ṣé èèrà ló ń rìn lójú nǹkan yìí ni?”

Mo padà sí Òkukù, mo tún un ṣe. Mo mú kí kóró tó ń bo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi, mo fi àyè sáàárín wọn, mo fún wọn ní àwọ̀ dúdú tó ń dán bí ọmọ ayò. Mo fi ìlà tó nípọn yí àpótí tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí ká kó lè hàn sí ojú tó ti ń ṣú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mo ya àwòrán ojú kékeré kan: bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò rí ohun tó kọ, bó bá sì ti gbọ́wọ́ kúrò, ọmọ ayò á bò ó padà. Ìgbà tí mo tún gbé e lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní báyìí ni ó di nǹkan ènìyàn.

Ó wá ku ohun tí wọn yóò fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù.

“Oríkì mi ni n ó fi sí i.”

“Ẹ̀gbọ́n, gbogbo Ìnísà ló ń fi oríkì yín kí yín láàárọ̀.”

“Ṣé kí n wá fi ohun tí n kì í jẹ́ pe ara mi ni?”

Oríkì ni gbogbo àgbà ẹbí wa ń fi ṣe é, kò sì sí ẹni tí kò mọ oríkì ẹnì kejì rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ohun tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí sí i. Wọ́n fi etí ìbòrí wọn nu ojú fóònù náà. Lẹ́yìn náà ni ìka wọn bẹ̀rẹ̀: tó, tó, tó.

“Ìwọ náà ò rí i?”

“N kò rí i.”

“Ẹnjiníà ńkọ́, ní Èkó lọ́hùn-ún?”

“Kò lè rí i.”

“Ẹ̀rọ yìí gan-an ńkọ́?”

“Ẹ̀rọ gan-an, ó ti dà á rú kó tó pa á mọ́.”

“Áà. Ikùn rẹ̀ jìn ju ti àwọn ìyàwó ilé wa lọ nìyẹn.”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wọ ojú ewé náà lójoojúmọ́. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń kà níbẹ̀. Wọ́n ní, “N kì í ka nǹkan kan. Mo kàn ń wọlé ni.” Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín, mo ní àgbà tó rí ohun ìṣeré ni wọ́n. Wọn kò bínú. Ní ti ilé, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀: “Ilé tí ìyá rẹ sùn sí, ta ni yóò gbé ṣọ́ọ̀bù lé e lórí? Mi ò tíì ya wèrè. Bí gbogbo wa bá pàdé ní Iléyá, n ó sọ ọ́ lójú wọn.”

Ọjọ́ kejì Iléyá ni gbogbo wa pàdé ní Ìkìrun, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, nítorí ẹran Iléyá kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti ń kírun. Ẹnjiníà gbé tẹlifíṣàn kan wá tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, ó so kọ̀m̀pútà mọ́ ọn kí gbogbo ilé lè máa wò. Nígbà tó ṣí ojú ewé ẹbí, mo rí i pé ọmọ ayò mi ti lọ. Orúkọ Ẹnjiníà la fi gba àyè tí ojú ewé náà ń gbé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ní kí ẹnì kan ní Èkó tún un ṣe láìsọ fún mi. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan péré ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó bo ohun tí ènìyàn bá tẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n yọ.

Mo dìde, mo ní ohun tí wọ́n ṣe kò dára, mo sì sọ ìdí rẹ̀.

“Àǹtí Tíṣà,” Ẹnjiníà ní, “ẹ fi ayò lásán dí àwọn àgbà lójú. Kí la fẹ́ fi pamọ́ fún ara wa? Ọmọ bàbá kan náà ni wá.”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Màmá, ẹ jẹ́ káwọn èèyàn rí ohun tí wọ́n ń kọ jàre.”

Ẹnì kan sì pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ìyá olùkọ́, wọ́n ti fún yín ní gbélé-ẹ-sinmi o!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Kò sí ẹni tó bá mi dá sí i.

Ẹnjiníà ló kọ́kọ́ tẹ tirẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni. Bó ṣe jáde gàdàgbà lójú ògiri ni àwọn ìyàwó ilé gbé e, tí wọ́n ń kì í, tó ń mi orí. Ọ̀rọ̀ di eré. Èmi ti sọ tèmi láti Òkukù, n kò ní ohun tí mo fẹ́ tẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n wá gbé àtẹ tí wọ́n fi ń kọ̀wé lé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣàn, ojú wọn wà lórí àtẹ, wọ́n ń wá lẹ́tà. Etí wọn kò sì gbọ́ dáadáa mọ́. Mo ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró! Kóró ò sí níbẹ̀ mọ́!” Ariwo ẹran àti ọmọdé bò mí mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í la àárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kọjá, àwọn lẹ́tà sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ògiri.

Orúkọ ènìyàn ni. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Ìyàwó Ẹnjiníà kà á sókè, bó ṣe máa ń ka gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀. Ó ní, “Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí?”

Àwọn ìyá àgbà tó jókòó sídìí ògiri wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ọmọ kan ni, tí ẹ̀gbọ́n mi bí kí n tó gbọ́n, tó wá tó sì padà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í pe orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ létí ìyá rẹ̀, ìyá náà kì í sì í pè é, títí tí orúkọ náà á fi parẹ́ lẹ́nu ayé. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí ibi pè é ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, àfi abẹ́ kóró dúdú tí mo ṣe fún wọn. Ohun tí wọ́n ń wọlé lọ ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, tí mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n yíjú padà, wọ́n sì rí i. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àtẹ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn mú ìbòrí àwọn. Mo sáré bá wọn nídìí mọ́tò.

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi.”

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín nípa ilé kí ọjọ́ tó pé.”

“Tíṣà, ibi tí ǹ bá gbà wọlé gan-an ni wọ́n bà jẹ́.”

Mo lọ sí Ìnísà lẹ́yìn ìyẹn, mo sì tún lọ. Mo ní n ó bá wọn pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù náà, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Òmíràn wo?” Mo pe Ẹnjiníà lórí fóònù pé kó gbọ́ tẹnu wọn, ó ní ojú ewé ni ẹbí fi ẹnu kò sí. Ọjọ́ pé. Ìdákẹ́ wọn di bẹ́ẹ̀ ni. Katapílà wá láti Òṣogbo, ó sì gba ògiri yàrá ìyá mi mọ́lẹ̀ bí ẹni fọ ìkòkò. Wọn kò hú òkú ìyá mi. Wọ́n da kọnkéré lé wọn lórí.

Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi bínú sí ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n dákẹ́. Wọ́n ti kú báyìí, ìbínú náà sì ti bá wọn lọ. Ti Ẹnjiníà kò lọ. Ó ń sọ káàkiri pé ẹ̀rọ ló ṣe àṣìṣe, pé bí iṣẹ́ àwọn arúgbó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tó ṣu ló lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò jẹ́ gbàgbé. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ bo ohun tí a ní kó bò. Ènìyàn ló ní kó má bò ó mọ́, nítorí pé ó rò pé ẹni tó bá ń bo nǹkan, olè ni. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì mi ní kí n dárí jì í, pé ó ti ń darúgbó. Èmi ńkọ́, ṣé ọmọge ni mí?

Mo ṣì máa ń lọ sí Ìkìrun. Ọmọbìnrin kan tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tó bọ́ sórí yàrá ìyá mi, ó lọ́yàyà, ó sì máa ń gbé àga fún mi kí n tó béèrè. Mo máa ń ra òwú tí n kò ní fi rán nǹkan kan. Níjọ́ kan ó bi mí pé, “Màmá, kí ló dé tí ẹ̀yin kì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù míràn, tí ẹ máa ń ti Òkukù wá síbí?” Ọmọ rẹ̀ sùn sórí ẹní tó tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń mí fín-ín, fín-ín. Mo wo ọmọ náà, mo wo ilẹ̀ tó sùn lé. Mo ní òwú rẹ̀ kì í já.