Ife Orí Ọ̀sà Àjàṣẹ́

Kò sí odò ńlá ní Sakété tí wọ́n bí mi sí. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ là ń gbìn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Àjàṣẹ́ ni mo ti mọ ọkọ̀ wà. Òun ló ń kó ẹrù àwọn oníṣòwò gba orí ọ̀sà. Nígbà tí apá mi gbó, ó fi mí síwájú ọkọ̀ ìdíje rẹ̀, kí àwọn yòókù máa tẹ̀lé àjẹ̀ mi. Lọ́dọọdún, nígbà àjọ̀dún àwọn Faransé, àwọn ọkọ̀ a máa du ife níwájú kọmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú. Àwa la sábà máa ń gbà á. Bàbá mi kò wá wò mí rí. Ó ní omi kì í ṣe ilé ọmọ ènìyàn. Síbẹ̀, mo gbọ́ pé ó máa ń fi mí yangàn lọ́jà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, a tún gba ife. Kọmándà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fi èdè wọn yìn mí pé mo borí, ó ní, "Bùràfó, ṣanpíọ̀n!" Ariwo ta. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fà mí sẹ́bàá àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dojú dé.

"Bàbá rẹ ti ṣaláìsí. Láàárọ̀ ni wọ́n ránṣẹ́."

"Ẹ ti mọ̀ kí a tó wọ ọkọ̀?"

"Mo mọ̀. Ọkọ̀ ò lè lọ láìsí ìwọ."

Mo ní, "Ó dáa." Mo retí ẹkún. Apá nìkan ló ń ro mí.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Pobẹ̀, mo sọ̀ ní Sakété. Mùsùlùmí ni wá; wọ́n ti sin ín kí n tó dé.

Ìyá mi bi mí pé, "Ṣé ẹ gba ife náà?"

"A gbà á, Ìyá."

Ó gbé ẹ̀bà síwájú mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fọwọ́, mo sùn. Àwọn aládùúgbò ní ọkàn mi le.

Mo tún wa ọkọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. A ṣì ń borí. Bí wọ́n bá pariwo orúkọ mi, bí ẹni ń pe ará agboolé mìíràn ló rí létí mi. Lọ́jọ́ kan, mo fi àjẹ̀ lélẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

"Bàbá, mo ń lọ."

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá."

Kò bi mí mọ́. Mo lọ sí Pobẹ̀, mo ríṣẹ́ sí oko ọ̀pẹ àwọn òyìnbó, mo gbéyàwó níbẹ̀. Ẹnu ẹlòmíràn ni ìyàwó mi ti gbọ́ pé mo ti gba ife rí. Ó ní kí n sọ bó ṣe rí. Mo ní oòrùn ń tàn lórí omi, èrò sì pọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

Mo ní apá ló ń ro mí.