Bí A Ṣe Kọ́ Fóònù Láti Dúró Gba Èsì

Ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ mi tuntun ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀wù kóòtù ni mo wọ̀, mo sì gbé báàgì aláwọ mi dání gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi ní Èkó. Yàrá méjì ni mo bá lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè Olósùnta. Bùsáyọ̀, ọmọ àbúrò mi, ẹni tí ó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, sáré nu àga oníke kan fún mi.

"Ẹ jókòó, Mọ́mì àgbà."

"Níbi iṣẹ́, 'Mà' ni kí o máa pè mí."

"Ó dáa, Mà Mọ́mì àgbà."

Inú iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ńlá kan ní Èkó ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi àti ìgbà àgbà mi. Èmi ni olórí ẹ̀ka tí ń ṣọ́ bí ohùn ṣe ń dún nínú ìpè. Ọ̀tá tí a ń bá jà níbẹ̀ ni àlàfo ìdákẹ́. Bí ìpè bá dákẹ́ díẹ̀, oníbàárà yóò rò pé ó ti já, yóò sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo mọ àlàfo dí ju ẹnikẹ́ni lọ, n kò sì fi í pa mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí Bùsáyọ̀ wá bá mi. Òjò àìròtẹ́lẹ̀ ń ba kòkó àwọn àgbẹ̀ jẹ́ lórí ibi tí wọ́n sá a sí. Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi fóònù pè wọ́n láràárọ̀, kí ó sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí ní ìlú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ yìí! O fẹ́ ti inú ilé alájà lọ máa gbé ahéré?"

"Ahéré ni kòkó ti wá tí a fi kọ́ ilé alájà, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ Ìrò-Èkìtì ni a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi owó tì wá lẹ́yìn sì ti sọ ọ́ gbangba: bí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ náà kò bá tẹ́wọ́ gba ìpè náà kí ìkórè kòkó tó parí, kí a ti ilẹ̀kùn. Ohùn tèmi ni a gbà sílẹ̀, pẹ̀lú ojúlówó Yorùbá tí àwọn olùkọ́ mi fi ẹgba kọ́ mi, láìsí àlàfo kankan: "Ẹ káàárọ̀ òjò yóò rọ̀ lọ́sàn-án òní ẹ má ṣe sá kòkó."

Àwọn àgbẹ̀ ń gbé ìpè, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé e sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ òjò tó parí. Mo yẹ ohùn wò, ó mọ́ gaara. Bùsáyọ̀ kò lè jẹun mọ́. Mo ní kí a dìde, kí a lọ sí Ìrò-Èkìtì.

A bá Bàbá Rájì, alága ẹgbẹ́ náà, níbi tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó ká nínú oòrùn. A kúnlẹ̀ kí i, ó béèrè ará Ìkẹ́rẹ́, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí ni a tó béèrè ìdí tí ó fi ń gbé ìpè wa sílẹ̀.

"Obìnrin yẹn?" ni ó wí. "Á ní ẹ káàárọ̀. Èmi náà á ní, 'Ẹ káàárọ̀ o, ulé ńkọ́?' Kí n tó lanu, ó ti ń sọ tirẹ̀ lọ! Ọmọ ta ni?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ni," ni Bùsáyọ̀ wí.

"Ẹ̀rọ tó mọ ènìyàn kí, tí kò mọ èsì í gbà?" Ó yíjú sí mi. "Ẹ gbọ́ ná. Ohùn yín yìí... Ẹ̀yin ni!"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló ń lé yín?"

Bùsáyọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀, bí a ti ń padà bọ̀, mo sọ fún un pé àlàfo ni a ó fi sí i. Kí ẹ̀rọ kí àgbẹ̀, kí ó dákẹ́ títí èsì yóò fi parí. Kí ó béèrè ilé, kí ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó sọ ti òjò.

"Ṣùgbọ́n, Mà, gbogbo ẹnjiníà ló ń sọ pé àlàfo kò dára."

"Èmi ni mo kọ́ wọn. Ṣe bí mo ti wí."

Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ, mo sì fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní òwúrọ̀ tí a kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́, Bàbá Rájì gbà kí a fetí sí ìpè tirẹ̀. Ẹ̀rọ kí i, ó dákẹ́. Bùsáyọ̀ di ọwọ́ mi mú. Ohùn bàbá sì dé: "Ẹ káàárọ̀ o!" Ẹ̀rọ béèrè ilé. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun." Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ òjò dé òpin. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ọ tí ó ń ké sí ará ilé rẹ̀: "Ẹ má sá kòkó yẹn o! Ìyá Olójò ní òjò ń bọ̀."

Òjò náà rọ̀ lọ́sàn-án. Kí ìkórè tó parí, ẹgbẹ́ náà ti tẹ́wọ́ gbà wá, àwọn ará Imẹ̀sí-Laṣigidi sì ti ń béèrè ìgbà tí ìpè yóò dé ọ̀dọ̀ tiwọn.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ báyìí, lábẹ́ àkóso mi. Ní àárọ̀ tí ohùn ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ jáde, fóònù ọ́fíìsì dún. Bàbá Rájì ni.

"Ìyá Olójò dà? Ṣé kò sí o? Ṣé ara le?"

Mo dá a lóhùn pé ara le, mo béèrè ará ilé rẹ̀, mo sì dákẹ́ kí ó lè fèsì.