Ọjọ́ Tí Òkun Ń Sinmi ní Accra

Aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Àìkú ni mo dé ibùdókọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú sì ti ń bí mi kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí dẹ́rẹ́bà ní ká dúró de èrò kan ṣoṣo tó kù, ẹni náà kò sì yọjú títí aago márùn-ún fi lù. Kì í ṣe ìgbafẹ́ ni mò ń lọ. Ràbí, ọmọ àbúrò mi, ló pè mí láti Accra pé òun àti ẹgbẹ́ olórin òun yóò ta fayolíìnì àti gòjé ńlá òyìnbó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orin tó dá lórí ìtàn àtayébáyé òkun. Ó ní bí ìyá òun kò bá sí níbẹ̀, ọwọ́ òun kò ní lè ta tòun, èmi nìkan sì ni ìyá òun lè gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Múfú lorúkọ àbúrò mi náà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí òkun Accra. Àwọn Ga tí wọ́n ni ìlú kì í pẹja lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi òkun ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Múfú gbé ọkọ̀ sójú omi láti dán ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wò, kò sì padà wálé. A kò rí òkú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, ìyàwó rẹ̀ kò sunkún rí. Ó ní òkú tí òun kò fojú rí, kí lòun fẹ́ sunkún lé lórí? Ẹni tó bá wá bá a kẹ́dùn, á fún un lómi mu, á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Láti Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè Benin, dé Lomé, ọ̀nà wọn dára ju tiwa lọ. Ẹ má bínú, òótọ́ ni. Lomé ni mo sùn. Ní Aflao, ẹnubodè Ghana, mo wọ tìrótìró, bí wọ́n ṣe ń pe bọ́ọ̀sì kékeré wọn, ọgọ́rùn-ún sídì owó wọn dé Ashaiman lẹ́bàá Accra. Kọ̀ndọ́kítọ̀ sọ fún mi pé "mepaakyɛw", ìyẹn "ẹ jọ̀ọ́" lédè Twi, kí n sún díẹ̀. Mo wojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí kọ̀ndọ́kítọ̀ tiwa kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ra kẹ́nkẹ́ méjì àti ẹja díndín ní ọgbọ̀n sídì. Àgbàdo ni bí ẹ̀kọ wa, ṣùgbọ́n ó kan, ó sì le. Ata dúdú wọn tí wọ́n ń pè ní ṣìtọ́ ló bá mi tì í lọ́fun.

Ìyá Ràbí kúnlẹ̀ kí mi ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, kò jiyàn. Aṣọ tó ń ká ló ń ká lọ.

"Òkun tó gbé ọkọ mi, Ìyá mi, ṣé kí n tún wá lọ jókòó máa gbọ́ ìyìn rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Àbúrò mi náà ló gbé. Ọmọ wa ló sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ó bá burú, a ó jọ dìde."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì mo rí i tó ti múra tán.

Jamestown, ní Accra níbẹ̀, ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ ta orin náà wà, nítòsí omi. Àwọn ọkọ̀ apẹja sinmi lórí iyanrìn. Oṣù tí àwọn Ga kì í lu ìlù tí wọn kì í sì í pariwo la bá pàdé, nítorí àgbàdo tí wọ́n gbìn fún ọdún wọn. Aṣáájú àwọn olórin, bàbá Ga arúgbó kan, fi Ga àti òyìnbó sọ ohun kan fún wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, èmi kò sì gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìyá Ràbí gbọ́ Ga dáadáa, ṣùgbọ́n ó wolẹ̀, kò túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Olórin mọ́kànlá ni wọ́n, okùn ni gbogbo wọn ń ta. Wọ́n ta ti ìlú kan tó rì sísàlẹ̀ òkun, wọ́n ta ti obìnrin tó nírù ẹja. Èyí tó kẹ́yìn ni ti òkun Accra tó ń sinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ràbí nìkan ló kọ́kọ́ dá a, gòjé ńlá náà láàárín orúnkún rẹ̀. Mo gbọ́ ìgbì nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń wúkọ́ tí kò fẹ́ jí. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Mo wò yíká. Níbo ni ọmọ ti ń ṣe dáadáa báyìí tí àgbààgbà á jókòó bí ẹni tí wọ́n rán lẹ́nu? Mo bá dìde, mo fi oríkì tí bàbá rẹ̀ fún un pè é.

"Àmọ̀kẹ́! Àmọ̀kẹ́ ọmọ Ìkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́!"

Gbogbo orí yí sí mi. Ọ̀pá tí bàbá aṣáájú fi ń darí orin ṣì wà lókè. Ìgbà náà ló yé mi pé orin kò tíì parí, pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ìsinmi òkun tí bàbá náà ti kìlọ̀ rẹ̀ fún wa. Mo wá ihò tí n bá kó sí. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó, Ìyá Ràbí di ọwọ́ mi mú, òun náà sì dìde. Kò pariwo.

"Bàbá Ràbí," ló wí, "ó dìgbà o. Ó di gbéré. Ó di àrìnnàkò."

Ohun tí a ń sọ fún òkú nìyẹn, kò sì tíì sọ ọ́ rí. Ẹkún sì gbé e. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, èmi náà ń sunkún. Bàbá aṣáájú dúró, kò sọ ọ̀pá kalẹ̀. Ràbí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé ọ̀pá ìtagòjé padà sórí okùn, wọ́n sì ta orin náà parí.

Lẹ́yìn rẹ̀ mo ní kí Ràbí bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá aṣáájú. Bàbá náà fèsì pé ìdákẹ́jẹ́ inú ìwé orin kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò jẹ́ ta okùn lé obìnrin tó ń kí ọkọ rẹ̀ lórí.

Lọ́jọ́rú, Ìyá Ràbí tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú ilé. Àwọn aládùúgbò wá bá a kẹ́dùn, ó sì jẹ́ kí wọ́n kí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni tí a kò rí sin, a ṣì gbọ́dọ̀ dágbére fún un. Àwọn ará ilé yí mi ká, wọ́n bi mí pé báwo ni ìyàwó wa.

Mo ní, "Ó ti ń sunkún. Ẹ bá mi dúpẹ́."