Àǹtí Fúnkẹ́ Tó Yọ Wá Kúrò Lórí Ìṣó

Háà, Àǹtí! Àǹtí Fúnkẹ́! Ẹ̀yin náà lẹ lọ báyìí, láì tiẹ̀ kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù? Àbẹ̀kẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà, díákónẹ́ẹ̀sì tí ohùn rẹ̀ ń gbé gbogbo choir dìde! Ikú ń ṣe bí ẹni pé ó ti borí. Kò borí. Màá sọ bí kò ṣe borí.

Èmi ìyá Tẹní ni mo ń kọ èyí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, torí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ kọ, ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Ìyá Tẹní, jọ̀ọ́, má fi ọ̀rọ̀ ìbọn sínú ìwé òkú o." Mo gbọ́. Mo sì ń fi sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ka ti ìrẹsì tí Àǹtí máa ń sè, àwọn tó kọ ọ́ wà níwájú nínú ìwé yìí.

Àǹtí, ẹ rántí ọjọ́ tí mo kan ilẹ̀kùn yín ní Forest Park, nílẹ̀ òyìnbó níbí? Bàbá Tẹní ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn mi tán ni. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Aládùúgbò lásán la jẹ́ síra wa nígbà yẹn, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ó tán. Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan. Ẹ ní, "Wọlé. Ti ilẹ̀kùn." Ẹ̀yin lẹ pe ọlọ́pàá. Ẹ̀yin lẹ bá mi dé kóòtù tá a fi gba ìwé tó ní kó má sún mọ́ wa mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dé láti shift ní warehouse, ilé ìkẹ́rùsí, ní McDonough, fóònù yín á dún. "Ṣé o ti tilẹ̀kùn?" Màá ní, "Mo ti tì í, mà." Ẹ̀yin á ní, "Lọ yẹ̀ ẹ́ wò." Màá sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ ìbọn, ẹ ò bú mi. Ẹ mú èyí tí Uncle, ọkọ yín tó ti sùn, fi sílẹ̀: twenty-two, ìbọn gígùn tí ọta rẹ̀ tín-ín-rín ju ìka Tẹní lọ. Àpótí irin tí à ń tì í mọ́ lẹ kọ́kọ́ kọ́ mi, kí ọwọ́ ọmọ má bàa kàn án láé. Lẹ́yìn náà lẹ kọ́ mi ní mágásíìnì, ilé ọta tí à ń kì bọ abẹ́ ìbọn. Èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn náà ṣe, mẹ́wàá ló ń gbà. Mo ní mẹ́wàá kéré. Ẹ̀rù tó ń bà mí ju mẹ́wàá lọ. Mo wa mọ́tò dé Buford, mo lọ ra ọ̀kan tí àwọn ẹlòmíì ṣe, ó tẹ̀ kọ́lọ́ bí ìwo àgbò, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń gbà. Mo ní, "Àǹtí, ọkùnrin tó tà á ní ọta kì í há nínú ẹ̀ láéláé."

Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. "Ìyá Tẹní, ta lo ti rí tó polówó ọjà tó bàjẹ́ pé ó bàjẹ́?"

Ẹ ní ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kì í dúró dìgbà tí aláìsàn bá ń mí gúlegúle kó tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Ẹ fi kútẹ̀sì pupa kọ nọ́ńbà sí i lára: 4, torí onímẹ́wàá mẹ́ta ti wà nílẹ̀ tó ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ irin tó ń ti ọta sókè nínú, ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó wọ́. Ẹ fi hàn mí pé ọta twenty-two ní etí ní ìdí, pé bí etí ti òkè bá lọ kọ́ sẹ́yìn etí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó parí, kò ní wọnú ìbọn mọ́. Ẹ ní àwọn mágásíìnì ńláńlá ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, torí èrò pọ̀ nínú ilé, ọ̀nà sì jìn. Òfin yín ò gùn: ẹ ki ọta kún un, ẹ yìn ín tán, kíkún kan nìyẹn. Kíkún mẹ́wàá, pẹ̀lú ọta olówó pọ́ọ́kú àti ọta gidi. Èyíkéyìí tó bá há, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ń kọ ìwàásù.

Kíkún àkọ́kọ́ tí a fi nọ́ńbà 4 yìn ní range, pápá ìyìnbọn, ó há lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èkejì, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ ò dúró de ẹ̀kẹta. Ẹ gbé e kọ́ sórí ìṣó nínú gáréèjì, ẹ lẹ bébà mọ́ ọn: ÒPÙRỌ́. Ẹ ní, "Wò ó! Ikùn bàǹtàbanta, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ń kọjá lábẹ́ ìṣó yẹn, ẹ dúró, ẹ fa imú. "Ìyá Tẹní! Kí ló ń rùn bí ìsọjí níbí?"

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́. Òróró tí pásítọ̀ gbàdúrà sí ni. Mo ti fi pa ilẹ̀kùn, mo ti fi pa mọ́tò, mo ní kí n má fo ìbọn. Kí a tó yìn ín rárá ni mo ti ro ó sínú mágásíìnì, mo fi pa àwọn ọta lára lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń pe orúkọ Jésù. Àǹtí, ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó sórí àpò ìrẹsì. "Ọmọ yìí! O dín ọta bí àkàrà! Ilẹ̀kùn ni kó o máa fi pa. Inú ibí yìí, gbígbẹ ni Olúwa fẹ́ ẹ." Òróró yẹn ló kó gbogbo ìdọ̀tí ọta jọ, tó di ẹrẹ̀, tó fi ń há.

Ibi tí ẹ̀rín ti tán lójú yín ni mi ò ní gbàgbé. Ẹ gbójú sókè wo ìṣó. Ẹ ní, "Mo ti purọ́ mọ́ ọn." Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ ya bébà yẹn. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin! Kíkún mẹ́jọ, kò há. Ìkẹsàn-án, ó há lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹwàá, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ dájọ́: "Kì í ṣe òpùrọ́. Ká máa fi yìnbọn lu agolo. Ṣùgbọ́n ẹni téèyàn lè sùn tì kọ́ nìyí. Mẹ́wàá tó ń jáde sàn ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ń rò ó lọ."

Kó tó di pé mo mọ̀ yín, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kúrò lọ́dọ̀ bàbá Tẹní, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà. Ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀. Ọjọ́ kan tí a ń jẹun lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan ò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀: "Á padà lọ ni. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n." Àwo wà lọ́wọ́ yín. Ẹ yíjú sí i, ẹ ní, "Kíkún mélòó lẹ ti dán an wò?" Kò mọ ohun tí ẹ ń sọ. Èmi mọ̀. Ọjọ́ yẹn lẹ yọ èmi náà kúrò lórí ìṣó.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú lẹ lọ, lórí àga yín, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín. Ọjọ́ kẹta, bàbá Tẹní rán ẹnìkan sí mi: "Àǹtí ẹ ti kú. Ta ló kù fún ẹ?"

Ìwé òkú kì í mọ ọwọ́ tó máa bọ́ sí. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ bàbá Tẹní, kó kà á dáadáa. Èmi ni mo kù. Ìwé kóòtù wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti sọ iṣẹ́ tó rán fún ọlọ́pàá. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ tún ń sọ ní kọ̀rọ̀ pé ní báyìí tí Àǹtí lọ, á padà, ẹ kúnlẹ̀ ẹ gbàdúrà fún mi, tàbí kẹ́ ẹ panu mọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí o. Mi ò ní purọ́ níwájú òkú. Mo ṣì ń wo ojú fèrèsé kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n Sátidé tó kọjá, mo fi Tẹní sọ́dọ̀ ìyàwó pásítọ̀, mo dá lọ sí range. Ọta méjì já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ṣà wọ́n. Mo mú nọ́ńbà 2, kékeré onímẹ́wàá, mo yìn ín kíkún mẹ́wàá bí ẹ ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo délé, mo tì í mọ́nú àpótí irin, mo ṣí ìwé ìwàásù yín, mo fi ọwọ́ mi tí kò dáa kọ ọ́ sísàlẹ̀ tiyín: Nọ́ńbà 2. Kíkún mẹ́wàá. Kò há.

Mo tún fa ìlà kan, mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀: Ìyá Tẹní. Kíkún àkọ́kọ́ láìsí Àǹtí. Kò há.

Ó ku mẹ́sàn-án, Àǹtí. Ẹ má jí nítorí mi. Ẹ sùn re, Àbẹ̀kẹ́, ẹ sùn gbádùn. Mo ti tilẹ̀kùn, mà. Mo sì ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò.