Wọ́n Fi Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì Méjì Ránṣẹ́ sí Bàbá Mi, Wọ́n Ní Èmi Ni Kí N Sanwó Ìdápadà

Ẹ fún mi láyè kí n rojọ́ díẹ̀ lónìí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lórí ayélujára, bí mi ò bá sọ ọ́ síta, á kàn máa hó nínú mi ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀lé mi tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ní Ìgandò ni bàbá mi wà látìgbà tí ara wọn ò ti yá. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Áńgílíkà pọ́ńbélé ni wọ́n, irú àwọn tó máa ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀. Àìsàn ṣúgà ló mú wọn. Ọlọ́run ṣeun, ara ti ń mókun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wú, ó sì fẹ̀, kò wá sí ìkan nínú gbogbo bàtà wọn tó gbà á mọ́. Sílípáàsì nìkan ló kù.

Ó dáa, ká máa wọ sílípáàsì ńkọ́? Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Bí wọn ò ṣe lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nìyẹn. Bó bá di Sọ́ńdè, èmi á lọ, wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á gbé Bíbélì lé itan, wọ́n á máa gbọ́ ìsìn lórí rédíò.

Fíkà wa wá kí wọn lọ́jọ́ kan. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ ìkórè, torí kò sẹ́ni tó ń ka Bíbélì Yorùbá bíi tiwọn nínú ìjọ. Inú wọn dùn, mo rí i lójú wọn. Wọ́n wá wo ẹsẹ̀ wọn.

"Fíkà, ẹ má bínú," wọ́n ní. "Mi ò lè wọ sílípáàsì dúró níwájú ìjọ ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run."

Ọ̀rọ̀ bàtà lásán-làsàn! Mo ní ìyẹn ò ju èmi lọ. Mo gba Ìkòtún lọ, mo yí ọjà yẹn po. Àwọn oníbàtà kó bàtà jáde títí, gbogbo wọn ló sì búra pé awọ ẹ̀ máa nà. Ìkan nínú wọn ní kí n da omi sínú ẹ̀ kí bàbá wọ̀ ọ́ sùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kó wọ bàtà olómi sùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà oníbàtà wa, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló wá fi page kan hàn mí lórí ayélujára. Bàtà àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wú ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ó fẹ̀, ó rọ̀, kò ní okùn, ṣe lèèyàn kàn máa lẹ̀ ẹ́ pa lórí ẹsẹ̀. Dúdú ni, ó sì bu iyì kún èèyàn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé oníbàárà wọn lọba wọn. Ẹ ò rí i bí orí mi ṣe wú? Èmi ọba sanwó bàtà, mo sanwó ẹni tó máa gbé e wá, mo wá ń retí.

Mi ò ní dárúkọ wọn o. Kò sí lọ́yà nínú ìdílé wa.

Bàtà dé. Ọlọ́kadà tó gbé e wá ò tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó na páálí sí mi, ó ti yí orí ọ̀kadà padà kí n tó ní ẹ ṣeun. Bàbá mi ti jókòó, wọ́n ti wọ ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀ dè é. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n ki ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn.

Wọ́n mú èkejì. Wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n fi kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n tún gbé e kúrò. Wọ́n wá kó méjèèjì sórí itan, wọ́n ń wò wọ́n. Wọ́n rọra pè mí.

"Bísọ́lá, wá bá mi wò ó. Ṣé ojú mi ni, àbí orí mi ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Láti ìgbà àìsàn yẹn ni wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀, ohun tó sì ń bà wọ́n lẹ́rù jù nìyẹn. Mo gba bàtà, mo wò ó dáadáa. Orí bàbá mi pé. Ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Òsì àti òsì!

Mo kọ̀wé sí customer care lójú ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn. Ó bẹ̀ mí títí, ó fi àwòrán ọwọ́ tí wọ́n pa pọ̀ ránṣẹ́ rẹpẹtẹ, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó wá ní kí n ya fídíò bàtà náà wá, kí àwọn lè mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo yà á. Ó wò ó tán, ó ní ṣé kámẹ́rà iwájú fóònù ni mo fi yà á ni, torí pé tiwájú máa ń yí ọ̀tún padà di òsì.

Ẹ dúró ná. Bí kámẹ́rà bá yí ọ̀tún di òsì, ṣé kò ní yí òsì náà di ọ̀tún ni? Àbí ẹyọ kan ló máa ń dá mú nínú bàtà méjì?

Nígbà tó gbà pé òsì ni, ó ka òfin wọn fún mi. Kí n dá bàtà padà sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Erékùṣù Èkó, kí n sanwó ẹni tó máa gbé e lọ, kí n tún sanwó ẹni tó máa gbé òmíràn bọ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fi òmíràn ránṣẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò? Bóyá ó ti di ọ̀tún lójú ọ̀nà?

Mo bi í pé ta ló di bàtà sínú páálí. Ó ní àwọn ni. Mo ní ta ló wá ṣàṣìṣe? Ó ní àwọn tọrọ àforíjì. Mo ní mo ti gbọ́ ti àforíjì, ti owó ọkọ̀ ni mò ń béèrè. Ló bá fi voice note kan ránṣẹ́, ohùn ẹ̀ tútù bí omi àmù: "Ẹ má bínú, Ma. Oníbàárà ló máa ń sanwó ìdápadà. Òfin wa ò wo ẹni tó ṣàṣìṣe."

Òfin tí ò wo ẹni tó ṣàṣìṣe! Ẹ ò rí ìdájọ́ òdodo? Ó tún fi kún un pé ṣe ló yẹ kí n ti yẹ ẹrù wò kí ọlọ́kadà tó lọ. Ọlọ́kadà tí ò pa ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí n gbé bàtà dání kí n máa sáré lé e dé Ẹ̀gan.

Ẹlòmíràn á ní, ìwọ náà, ṣebí kó o san án kó o sinmi. Mo rò ó, ẹ má rò pé mi ò rò ó. Àmọ́ owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó bàtà fúnra ẹ̀. Ìkórè sì ti dé tán. Kí wọ́n tó yẹ bàtà wò tán, ìjọ á ti ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkórè tán.

Bàbá mi tiẹ̀ ti pe Fíkà. Mo gbọ́ wọn láti kíṣìnì. Wọ́n ní kó wá ẹlòmíràn tó máa kàwé. Wọn ò sọ pé bàtà ni. Wọ́n ní ọ̀fun ló ń dun àwọn.

Ibẹ̀ ni inú ti wá bí mi gan-an. Mo lọ sórí page wọn, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń polówó bàtà, mo kọ ọ́ ní gbangba pé kí wọ́n bá mi wá ẹni tó ní ẹsẹ̀ òsì méjì, mo ní bàtà fún un. Wọ́n pa á rẹ́. Mo tún kọ ọ́. Wọ́n tún pa á rẹ́. Àwọn tí ò lè ṣa bàtà ọ̀tún kan nínú ilé ìtajà wọn, ẹ wá wo bí ọwọ́ wọn ṣe yá níbí!

Àmọ́ kí wọ́n tó pa ìkejì rẹ́, ẹnì kan ti kà á. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, èmi ni mo ní ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì. Ìjẹ̀gùn ni mò ń gbé."

Mo wo àwòrán ẹni náà. Bàbá àgbàlagbà kan ni, wọ́n wọ sùtánà funfun, wọ́n dúró láìwọ bàtà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé oníjìbìtì lèyí. Èkó la ṣáà wà. Ẹni tí kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, kí ló ń fi bàtà ṣe?

Mo ní kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ bàtà fún mi. Nọ́ńbà kan náà ni. Àwọ̀ kan náà ni. Alàgbà Mautin lorúkọ wọn, ọmọ Àgbádárìgì ni wọ́n. Òfin kan náà ni ọmọbìnrin yẹn kà fún àwọn náà. Wọ́n ní àwọn kàn gbé bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn fi ẹjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ó wá yé mi. Ẹni tó ń di ẹrù wọn ṣa òsì méjì fún Ìgandò, ó ṣa ọ̀tún méjì fún Ìjẹ̀gùn. Ẹ̀bùn pọ̀ láyé yìí.

A fàdéhùn sí Ìkòtún, níwájú kẹ́míìsì kan tí kò jìnnà sí ráńdábáòtù. Bàbá mi ní àwọn ò ní jẹ́ kí n dá lọ. A wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n wọ sílípáàsì wọn. Obìnrin oníkẹ́míìsì yọ̀ǹda bẹ́ǹṣì fún wa. Kò pẹ́ tí Alàgbà dé, sílípáàsì ni àwọn náà wọ̀, ẹsẹ̀ wọn sì wú bíi ti bàbá mi gẹ́lẹ́. Àwọn bàbá méjèèjì wo ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Mo yọ òsì kan fún Alàgbà, mo gba ọ̀tún kan lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù odindi kan ò lè ṣe láìgba owó ọkọ̀, a ti ṣe é tán lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn méjèèjì wọ bàtà, wọ́n dìde, wọ́n ń rìn lọ, wọ́n ń rìn bọ̀ níwájú kẹ́míìsì bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Àwọn ará ọjà ń yà fún wọn.

Bàbá mi ló béèrè ohun tó ń jẹ mí lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn rò pé àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà. Alàgbà rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, káfíńtà ni mí," wọ́n ní. "Látìgbà tí ẹsẹ̀ yìí ti wú ni mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Ìṣó ilẹ̀ ò mọ ẹni tó ń jẹ́ alàgbà."

Wọ́n ní dókítà ti kìlọ̀ fún àwọn pé egbò kékeré kan lásán lè gbé ẹsẹ̀ yẹn lọ, nítorí ṣúgà. Ẹ̀fẹ̀ kúrò lẹ́nu mi. Bàtà tí wọ́n fẹ́ kí bàbá yìí sanwó dá padà nìyẹn, wọ́n ní òfin ni.

Bàbá mi wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn pe Fíkà. Mo gbé fóònù fún wọn, wọ́n sọ fún un pé ọ̀fun àwọn ti san.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n dìde láti àga wọn, ọ̀pá ní ọwọ́ kan, wọn ò jẹ́ kí n dì wọ́n mú. Wọ́n rìn dé iwájú, wọ́n ṣí Bíbélì. Àwọn ọmọdé ń pariwo lẹ́yìn. Bàbá mi ò kà á. Wọ́n wo ìjọ láti òkè gíláàsì wọn, wọ́n sì dúró títí gbogbo ilé fi pa rọ́rọ́, bí ìgbà tí wọ́n wà ní kíláàsì. Wọ́n wá kà á. Ẹ má bi mí ní ohun tí wọ́n kà, omijé ò jẹ́ kí n gbọ́.

Ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Kò pẹ́ tí customer care tún kọ̀wé. Ó ní àwọn ò rí bàtà tí mo fẹ́ dá padà, ṣé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú? Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní inú àwọn dùn pé àwọn yanjú ẹ̀ fún mi. Àwọn wo? Ó wá ní nítorí pé a ṣe pàṣípààrọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ wọn, bí bàtà bá já, wọn ò ní bá wa tún un ṣe. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó bẹ̀ mí kí n fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún.

Mo fún wọn ní ẹyọ kan. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé bàtà dára, àwọn tó ń tà á ni ò bára wọn mu.

Ó jọ pé ìyẹn ló dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọjà, torí ó pè mí fúnra ẹ̀. Obìnrin ni, ohùn ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní bí òun bá ń sanwó ìdápadà fún gbogbo èèyàn, òun á kógbá wọlé, torí àwọn kan máa ń wọ bàtà lọ òde tán kí wọ́n tó ní kò bá àwọn mu. Ká sòótọ́, ìyẹn yé mi. Irú wọn wà. Èmi àti ìkan nínú wọn jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Mo wá sọ fún un pé, "Ẹni tí ọkàn ẹ̀ yí padà, kó sanwó. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ di òsì méjì fún mi. Bí télọ̀ bá gé apá aṣọ yín kúrú jù, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ra aṣọ míì?"

 Ó ní òun á rò ó. Mo yọjú sí page wọn láàárọ̀ yìí, òfin yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó ṣì ń rò ó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í pé tó bá jẹ́ òun ló ṣàṣìṣe, ta ló máa sanwó ìdápadà? Ẹ jẹ́ kó kọ èsì ẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ní àṣìṣe ò ṣẹlẹ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn, ẹ di owó yín mú. Tí ẹrù bá sì dé, ẹ tú u lójú ẹni tó gbé e wá, bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tiẹ̀ ń ké mọ́ yín lórí. Lékè gbogbo ẹ̀, ẹ má dákẹ́ jàre. Ká ní mo dákẹ́ ni, bàbá méjì ì bá ṣì jókòó sílé di àsìkò yìí, ìkan ní Ìgandò, ìkan ní Ìjẹ̀gùn, tí bàtà wọn sì pé.

Ó ku tiyín. Kí lẹ rà, kí ni wọ́n gbé wá, ta ló sì sanwó ìdápadà? Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ mọ ẹni tó ń tajà online tó ṣàṣìṣe, tó sì sanwó ọkọ̀ fúnra ẹ̀ láìjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdírẹ́sì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bàbá mi ní àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ àwọn rìn lọ kí i.