Ìgbà Tí Mo Ń Ya Àga ní Fọlá Agoro

Àga ni mo ń yà ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Kì í ṣe ìyàwó tuntun, kì í ṣe ọmọ tó ń ṣọjọ́ ìbí, àga lásán: àga rọ́bà tí wọ́n fi wáyà rán ẹ̀yìn rẹ̀, àpótí tí bàbá atẹ̀wé ń jókòó lé, ìjókòó mọ́tò àtijọ́ tí àwọn mẹkáníìkì gbé sẹ́bàá gọ́tà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò Fọlá Agoro nígbà náà, mo ní yàrá kan àti kámẹ́rà onífíìmù kan, mo sì gbà pé mo rí ohun tí ojú àwọn yòókù kò tó. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń fi fóònù ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò lójúmọ́, èmi ń lo fíìmù tó jẹ́ pé fọ́tò mẹ́rìndínlógójì péré ló wà nínú rẹ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi lo ẹyọ kan. Mo ń pe ìyẹn ní sùúrù, àmọ́ ìgbéraga pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá kan tó ń gbé ẹja yíyan wá láti Ìlàjẹ ló kọ́kọ́ bi mí pé kí ni mò ń ṣe níwájú àga òun láti àárọ̀. Ojú mi wà lẹ́nu kámẹ́rà, mo kàn fẹnu kùn ún pé, "Iṣẹ́ ọnà ni, mà." Ọnà tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí àwọn agbẹ́gilére ń ṣe. Ọ̀nà tí ìyá gbọ́ ni èyí tí mọ́tò ń gbà. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ìjọba fẹ́ la ọ̀nà gba ibẹ̀, pé èmi ni wọ́n rán wá, àti pé ilé tí mo bá ti ya àga iwájú rẹ̀ ni katapílà máa kọ́kọ́ wó.

Báyìí ni àga ṣe tán lójú títì. Mo jáde lọ́jọ́ Ajé, mi ò rí ẹyọ kan. Àwọn àgbàlagbà tó máa ń jókòó gba atẹ́gùn wà lórí ìdúró. Àwọn bàbá méjì gbé ọpọ́n ayò lé orí dírọ́ọ̀mù, wọ́n ń ta á ní ìnàró. Onígbàjámọ̀ ń gẹ irun oníbàárà tó ga jù ú lọ, ó sì ń nàró lórí ìka ẹsẹ̀. Dípò kí n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ńṣe ni mo bínú. Mo rò pé ayàwòrán mìíràn ló ti gbọ́ nípa iṣẹ́ mi, tó wá ra gbogbo àga náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé àwọn onílé. Wọ́n tó ogún, gbogbo wọn ló dúró. Alága gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ibo la ti máa rí àwọn fọ́tò náà?"

"Kò tíì ṣeé rí, sà. Fíìmù ni."

"Ó dáa, pa wọ́n rẹ́."

"Kò ṣeé pa rẹ́, sà."

Ó wo àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ o. Kò ṣeé rí, kò sì ṣeé pa rẹ́." Ó ti fi èékánná kan ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kámẹ́rà náà. Tó bá ṣí i báyìí, ìmọ́lẹ̀ máa wọlé, oṣù márùn-ún máa di òfo. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

Akọ̀wé wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun tẹ̀ lé mi lọ síbi tí mo ti ń fọ fọ́tò. Tóun bá rí àmì ìwọ̀n ilẹ̀ kankan, òun máa wá jábọ̀.

Balùwẹ̀ mi ni mo ti ń fọ̀ ọ́. Mo ti fi bébà dúdú dí fèrèsé, gílóòbù pupa kan ló ń tàn. Bàbá akọ̀wé jókòó lé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dojú rẹ̀ dé, ó ń kọ gbogbo ohun tí mo ń ṣe sínú ìwé: ó da omi oògùn sínú abọ́, ó ti bébà bọ inú omi, àga ló jáde, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹjọ. Nígbà tí ìkẹsàn-án ń yọjú díẹ̀díẹ̀ nínú omi, ó dìde. Àga onígi kan ni, ọwọ́ obìnrin sì wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọwọ́ ìyá àwọn ọmọ mi nìyẹn," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Mo wá rántí. Ìyá àgbà kan tó tú irun ló sọ fún mi pé, "Ya àga, má yà mí," ó sì di àga náà mú nítorí pé ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ àga ọ̀hún kúrú. Mi ò mọ ìyàwó ẹni tó jẹ́. Mi ò sì mọ̀ pé láàárín àwọn oṣù tí mo fi ń ṣe sùúrù mi, ó ti kú.

"Kí ló sọ?" Bàbá bi mí.

"Wọ́n ní irun àwọn ò tíì dára, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní kí n tún un ṣe sórí bébà mìíràn kí òun tún rí i bó ṣe ń jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é. Kò kọ nǹkan kan sínú ìwé mọ́.

Àbọ̀ tó lọ jẹ́ fún wọn kò gùn: "Àga ni. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àga padà sójú títì, àmọ́ wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, wọ́n ti fi aṣọ funfun bo àwọn kan, kí n lè yà wọ́n. Alága ní kí ọkùnrin mẹ́rin gbé àga tìmùtìmù jáde láti pálọ̀ òun. Ẹni tí kò ní yá ti aládùúgbò, débi pé àga kan náà wà nínú fọ́tò márùn-ún níwájú ilé márùn-ún. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti sọ pé irú èyí kì í ṣe iṣẹ́ gidi. Mo ya gbogbo wọn.

Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti Akọka láti wo àwọn fọ́tò náà. Ó bi mí bóyá ìdánìkanwà ni mo fẹ́ fi hàn, nítorí kò rí èèyàn lórí àga kankan. Mo sọ fún un pé àwọn èèyàn wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i.